Ẹ Má Ní Èmi Ni Mo Sọ Ọ́: Ọ̀rọ̀ Camry Bàbá Onílé

Ìràwọ̀ márùn-ún! Bí ẹ bá ń gbé àdúgbò wa ní Òkè-Bọ́lá, ẹ ó ti gbọ́ ọ sú. Bàbá Onílé dé mọ́ṣáláṣí, ìràwọ̀ márùn-ún. Wọ́n dé ibi ìsọmọlórúkọ ọmọ Ràṣídì, ìràwọ̀ márùn-ún. Wọ́n wá gba owó iná lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù di ìparí oṣù, wọ́n ní, "Ìyá Bísí, ṣé o mọ̀ pé mọ́tò tí Kẹ́hìndé fi ránṣẹ́ sí mi gba ìràwọ̀ márùn-ún ní Amẹ́ríkà?" Mo ní ẹ kú oríire, sà. Wọ́n gbàgbé owó iná, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ mọ́tò lọ. Èmi náà ò rán wọn létí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, Ìyá Káfí, ìyàwó Bàbá Onílé, wà nínú kíṣìnnì. Èmi kì í ṣe olófòófó o. Ibi tí mo ti ń ta búrẹ́dì ló kọjú sí géètì, Ọlọ́run ò sì fọ́ mi lójú.

Mọ́tò tí à ń sọ yìí, Camry 2008 ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle. Àwa ará Nàìjíríà, a kì í fi orúkọ tí wọ́n fi bí mọ́tò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ tún un sọ. Camry ayé ọjọ́un, Orobo. Pencil tẹ̀lé e. Big Daddy dé lẹ́yìn náà, kí Muscle tó wá. Ti Honda Accord ló wá burú jù. Wọ́n kọ́kọ́ ní Baby Boy. Èyí tó dé ní 2003, wọ́n ní End of Discussion, pé ẹjọ́ ti parí. Nígbà tó yá tí iléeṣẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe, wọ́n ní Discussion Continues, ẹjọ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí èyí tó tẹ̀lé e dé ní 2008, wọ́n sọ ọ́ ní Evil Spirit. Ẹni tó sọ mọ́tò ní ẹ̀mí èṣù, tó tún kó ìyàwó àti ọmọ sínú ẹ̀ lọ sí ìsọjí, ẹ bá mi bi í bóyá ara rẹ̀ dá.

Ibo ni mo dé? Ẹ̀hẹ́n, Kẹ́hìndé ọmọ Bàbá Onílé. Nọ́ọ̀sì ni ní Houston, ọmọ dáadáa ni, kò gbàgbé ilé. Ó ra mọ́tò yìí ní gbàǹjo, ó gbé e sínú kọ̀nténà, ó di èbúté Tin Can l'Ékòó. Ohun tí kò sọ fún bàbá rẹ̀ ni pé wọ́n ti gbá a níwájú rí. Ẹ bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Ọmọkùnrin tó wà á wá láti Èkó, búrẹ́dì mi ló fi ṣínu, ẹnu tó sì ń jẹ búrẹ́dì gbígbóná kì í pa mọ́. Ó ní Èkó ni wọ́n ti fi bọ́nẹ́ẹ̀tì mìíràn sí i, wọ́n sì kùn ún kó tó gòkè wá sí Ìbàdàn. Mo gbé e mì. Ọjọ́ kejì ni mo tó sọ ọ́.

Túndé tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì, òun ló la ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ yé wa. Ó ní ìjọba Amẹ́ríkà ní àjọ kan tí wọ́n ń pè ní NHTSA. Wọn a ra mọ́tò tuntun, wọn a gbé ọmọláńgidi sórí ìjókòó, wọn a de bẹ́líìtì mọ́ ọn, wọn a wá fi mọ́tò náà lu ògiri ní eré máìlì 35 ní wákàtí kan. Mo ní kó tún un sọ. Mọ́tò tuntun? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní wọ́n sì ní ebi ń pa ènìyàn láyé. Ó ní kí n jẹ́ kí òun parí ọ̀rọ̀. Ọmọláńgidi ọ̀hún kì í ṣe irú èyí tí Bísí ń pọ̀n. Irin àti rọ́bà ni, ẹ̀rọ sì wà lórí, láyà àti nítan rẹ̀ tó ń sọ bí ìyà ṣe jẹ ẹ́ tó. Láti 1979 ni wọ́n ti ń lu ògiri bẹ́ẹ̀, àmọ́ 1993 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìràwọ̀ sọ èsì rẹ̀, kí irú èmi tí mi ò mọ ìṣirò lè mọ èyí tó sàn.

Ibi tí inú mi ti dùn nìyí. Ìràwọ̀ tí wọ́n fún mọ́tò nítorí lílù níwájú, àárín mọ́tò tí ìwúwo wọn kò jìnnà síra wọn nìkan ló ti wúlò. Camry pẹ̀lú ẹgbẹ́ Camry. Wọn ò gbé tírélà oníṣìmẹ́ńtì wá bá a. Bẹ́ẹ̀ tírélà ló kún ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tírélà kì í sì í ka ìràwọ̀. Èyí tó tún wá dùn mọ́ mi jù: mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde ní iléeṣẹ́, tí gbogbo ara rẹ̀ pé, ni wọ́n fún ní ìràwọ̀. Èyí tí wọ́n ti gbá, tí panẹ́bítà ti fi òòlù nà, tí wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀, ìràwọ̀ mélòó ló kù lórí rẹ̀? Mo rọra bi Bàbá Onílé. Wọ́n ní ọmọ tí mo bí ni kí n máa bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Àjọ mìíràn tún wà, IIHS. Àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ló dá a sílẹ̀ ní 1959. Èmi fẹ́ràn àwọn wọ̀nyí ju ti ìjọba lọ, torí àwọn ló ń sanwó nígbà tí ènìyàn bá fara pa, ẹni tó sì ń sanwó, ojú rẹ̀ máa ń là. Ní 2012 wọ́n hu ìwà kan. Wọ́n ní lílu ògiri pẹ̀lú gbogbo iwájú ti rọrùn jù, ẹ jẹ́ ká fi igun mọ́tò lọ́wọ́ awakọ̀ nìkan, ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan péré, gbá ohun tí kò lè yẹ̀, ní eré máìlì 40. Bí ìgbà tí ènìyàn yà fún ọ̀kadà tó wá lọ kó sí òpó iná. Ní December 2012 wọ́n gbé èsì mọ́tò ìdílé 18 jáde. Accord 2013 yege dáadáa. Camry ńkọ́? Camry gba ìdá ìsàlẹ̀ pátápátá! Táyà iwájú wọlé wá bá ẹsẹ̀ awakọ̀, òpó ẹ̀gbẹ́ wíńsíkírìnì tẹ̀, bíréèkì àti dáṣíbọ́ọ̀dù sún sẹ́yìn wá bá ọmọláńgidi. Ojú ti Toyota, wọ́n tún un ṣe, nígbà tí ti 2015 sì máa dé, ó ti gba èsì tó dára jù. Nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé "Camry ni", ẹ bi í pé ti ọdún wo.

Ọ̀rọ̀ yìí ni Àlájì Gàní gbọ́ tó fi ń jó. Òun ló ń gbé òdìkejì ojú títì, òun àti Bàbá Onílé kì í sì í ríra sójú láti ìgbà ọ̀rọ̀ gọ́tà. Honda ló ń gùn, Accord Baby Boy, ti 2001. Ó ní, "Ẹ ò ri! Honda ló yege!" Àlájì mi, ti 2013 ni wọ́n yìn o. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ-ọmọ ẹni gba ipò kìíní níléèwé, tí ènìyàn wá lọ ń gba ẹ̀bùn rẹ̀. Àmọ́ mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra búrẹ́dì méjì ni.

Ẹ wá gbọ́ ti kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá Káfí ló ní kí mọ́tò ọkọ òun máa dán. Fúútì máàtì tó bá mọ́tò wá wà níbẹ̀. Ó ra oní-rọ́bà lé e lórí nínú gósílóò Ìwó Road. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó wá gé èyí tó ṣẹ́kù lára kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ wọn, aláwọ̀ pupa ẹ̀jẹ̀, ó tẹ́ ẹ lé gbogbo rẹ̀ lórí. Bí ẹ bá wọ mọ́tò náà, ẹ ó fẹ́ bọ́ bàtà.

Túndé rí i, ó pariwo. Ó ní ohun tó pa ènìyàn mẹ́rin ní California nìyẹn. Ní August 2009, nítòsí San Diego, ọlọ́pàá ojú títì kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gbé ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti arákùnrin ìyàwó rẹ̀ sínú Lexus kan. Kì í ṣe mọ́tò tirẹ̀, àwọn tó ń bá a tún tirẹ̀ ṣe ló yá a. Ẹnì kan ti tẹ́ máàtì rọ́bà tí wọ́n ṣe fún mọ́tò mìíràn tó tóbi jù ú lọ síbẹ̀. Máàtì há tọ́tù mọ́lẹ̀. Mọ́tò ń sáré, bíréèkì ò ràn án, wọ́n ń pe ọlọ́pàá lórí fóònù títí wọ́n fi kọjá lọ. Ọlọ́pàá ojú títì ni o! Ẹni tó mọ mọ́tò wà.

Láàárín oṣù díẹ̀, Toyota ké sí mọ́tò tó tó mílíọ̀nù 3.8 padà ní Amẹ́ríkà nítorí kápẹ́ẹ̀tì, Camry 2007 sí 2010 sì wà nínú wọn. Wọ́n gé ẹsẹ̀ tọ́tù kúrú kí máàtì má baà tún rí i gbá mú. Ní January 2010 wọ́n tún ké sí mílíọ̀nù 2.3 nítorí tọ́tù tí kì í tètè gbéra tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì dá títa mọ́tò oríṣi mẹ́jọ dúró. Ọ̀gá wọn, Akio Toyoda, ọmọ-ọmọ ẹni tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, fò láti Japan lọ dúró níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní February, ó ní ẹ má bínú. Wọ́n tilẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà fún NASA, àwọn tó ń lọ sínú òṣùpá, pé kí wọ́n wo kọ̀ǹpútà inú mọ́tò. NASA ò rí ẹ̀bi kọ̀ǹpútà. Ó tún di 2014, Toyota san bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 200 dọ́là fún ìjọba nítorí pé wọn ò sọ òótọ́ fún aráàlú lásìkò.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Káfí. Ó ní ìlara ni. Ó ní ṣé torí pé kò sí kápẹ́ẹ̀tì nínú ọ̀kadà tí ọkọ mi ń gùn ni. Mo dákẹ́. Àmọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, mo rí kápẹ́ẹ̀tì pupa náà lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ẹ má bi í o.

Ẹ̀yin náà ẹ má rò pé mo ń bú Toyota. Gbogbo iléeṣẹ́ mọ́tò ló ń pe mọ́tò padà, èyí tí kì í pè é sì ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹni tó sọ pé "mo ti ṣe àṣìṣe, ẹ gbé e wá kí n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́" ti ṣe ju ọ̀pọ̀ ọkọ lọ ní àdúgbò yìí.

Ti bọ́tìnnì fèrèsé, kékeré ni, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nítorí Bọ̀dá Sùlé rewáyà. Bọ́tìnnì tó ń gbé fèrèsé sókè lọ́wọ́ awakọ̀ ń há. Bàbá Onílé pè é. Bọ̀dá Sùlé mú agolo ońfífọ́n tó máa ń fọ́n sí gbogbo nǹkan, títí kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, ó fọ́n ọn sínú bọ́tìnnì, fíìì! Ó gbowó, ó lọ. Ní October 2012, Toyota ké sí mọ́tò mílíọ̀nù 7.43 káàkiri ayé nítorí bọ́tìnnì yìí gan-an, Camry 2007 sí 2009 wà níbẹ̀. Gíríìsì tí wọ́n fi sí i níléeṣẹ́ kò kárí, ó lè gbóná kó rú èéfín, kó gbiná. Wọ́n sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òróró ọjà sí i tó bá ń há, torí ìyẹn gan-an ló lè jẹ́ kó yọ́ kó sì jóná. Gíríìsì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Mo sọ fún Bọ̀dá Sùlé, ó ní òyìnbó fẹ́ràn kí wọ́n máa dẹ́rù ba ènìyàn.

Ó wá ku éábáàgì. Túndé ní kí Bàbá Onílé yí kọ́kọ́rọ́ láìta iná sí ẹ́ńjìnnì. Iná kan wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ní àwòrán ènìyàn àti bọ́ọ̀lù níwájú àyà rẹ̀. Tó bá tàn, tó sì kú fúnra rẹ̀ kó tó pẹ́, àlàáfíà ni. Tó bá tàn tó kọ̀ tí kò kú, ẹjọ́ wà níbẹ̀. Tí kò bá tàn rárá, ẹnì kan lè ti mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Ti Bàbá Onílé ò tàn. Mẹkáníìkì ṣí ojú sitiárì, kí ló wà níbẹ̀? Tìmùtìmù tí wọ́n gé lára bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbá a ní Amẹ́ríkà ni èyí tòótọ́ ti tú jáde. Àwọn tó tún un ṣe l'Ékòó fi fóòmù dí ihò, wọ́n yọ gílóòbù kó má baà tú àṣírí. Ìràwọ̀ márùn-ún, fóòmù kan. Bàbá Onílé jókòó sínú mọ́tò náà fún ìgbà pípẹ́, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín. Inú ilé ni mo lọ rẹ́rìn-ín sí.

Àlájì Gàní ò mọ̀ pé ti òun ló burú jù. Éábáàgì tirẹ̀ wà níbẹ̀, kò tíì tú rí, iná rẹ̀ ń tàn ó ń kú bó ṣe yẹ. Ìdààmú rẹ̀ sì nìyẹn! Takata ló ṣe é. Iléeṣẹ́ ahunṣọ ni Takata ní Japan láti 1933, ibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sórí bẹ́líìtì mọ́tò, kí wọ́n tó wá dórí éábáàgì. Ohun tí wọ́n rọ sínú ẹ̀ kó lè wú ni ammonium nitrate, ohun tí àgbẹ̀ ń lò fún ajílẹ̀, tí àwọn tó ń fọ́ òkúta náà ń lò. Ooru àti ọ̀rinrin a máa bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gbá mọ́tò, ó lè má wú mọ́, kó bú ni, agolo irin tó wà nínú ẹ̀ á fọ́ sí wẹ́wẹ́, irin á sì wọ ènìyàn lọ́rùn àti lójú. Honda ti kọ́kọ́ ké sí Accord àti Civic bí 4,000 ní November 2008. Ní May 2009, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 18 kan ní Oklahoma, nínú Accord 2001, forí mọ́tò kọ mọ́tò mìíràn ní páàkì iléèwé, ìjàǹbá tí ènìyàn ì bá bọ́ sílẹ̀ kó máa bú ẹnìkejì. Irin éábáàgì ló pa á.

Látìgbà náà, éábáàgì Takata tí wọ́n ké sí ní Amẹ́ríkà nìkan tó mílíọ̀nù 67, ó sì ti pa ènìyàn 28 ó kéré tán níbẹ̀. Takata jẹ̀bi nílé ẹjọ́ ní 2017, wọ́n wọ gbèsè lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, àwọn kan wà tó burú ju àwọn tó kù lọ. Ní June 2016, NHTSA ní àwọn Honda kan láti 2001 sí 2003, Accord 2001 àti 2002 wà nínú wọn, bí éábáàgì wọn bá tú, ó lè tó ìdajì ìgbà tó máa bú. Ìdajì! Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wà wọ́n mọ́, àyàfi láti gbé wọn lọ síbi àtúnṣe. Wọ́n tún ní ibi tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ ló burú jù, bíi Florida, Texas, Louisiana. Ẹ wá wo Ìbàdàn. Mọ́tò Àlájì kò ní gáréèjì. Òòrùn ọ̀sán ń pa á, òjò alẹ́ ń pa á.

Ìbéèrè mi ni pé ṣé wọn ò kọ lẹ́tà ni? Wọ́n kọ ọ́! Lọ́pọ̀ ìgbà pàápàá. Orúkọ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún mọ́tò náà ní Amẹ́ríkà ni lẹ́tà ń lọ. Ẹni náà ti tà á, ẹni tó rà á ti gbé e lọ sí gbàǹjo, mọ́tò ti gba ojú òkun dé Kútọnu tàbí Èkó, lẹ́tà wà nínú àpótí lẹ́tà ìyá àgbà kan tó rò pé àwọn tó ń polówó ọjà ni. Nọ́ńbà ṣaṣí nìkan ló ń bá mọ́tò lọ síbi tó bá lọ. Ẹyọ 17 ni, lábẹ́ wíńsíkírìnì lápá awakọ̀, ó sì tún wà lára òpó ilẹ̀kùn. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí ibi tí NHTSA ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́ ni, á sọ ohun tí wọn ò tíì ṣe sí i. Túndé tẹ ti Bàbá Onílé, ti bọ́tìnnì fèrèsé ṣì wà láìṣe. Àlájì ní kó tẹ tòun náà. Ó kà á fún un, ó ń pe òdo ní O, fóònù ń kọ̀ ọ́. Túndé ní kò sí O nínú nọ́ńbà ṣaṣí, kò sí I, kò sí Q. Wọ́n bá ara wọn jà díẹ̀ lórí ìyẹn. Nígbà tó wọlé, éábáàgì awakọ̀ jáde: wọn ò tíì tún un ṣe.

Àlájì ò sọ̀rọ̀. Ó pa ilẹ̀kùn mọ́tò rọra, bí ẹni tí ọmọ ń sùn nínú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló dákẹ́ lórí Honda, tí ara Bàbá Onílé fi tù díẹ̀. Bàbá Onílé ní tiwọn ti ní kí Kẹ́hìndé wá éábáàgì tòótọ́ ránṣẹ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n tú lára mọ́tò mìíràn ní Agódì Gate, torí ta ló mọ ibi tí ìyẹn náà ti wá? Wọ́n ti ń de bẹ́líìtì mọ́ àyà báyìí bí ẹni ń lọ ojú ogun.

Àlájì ńkọ́? Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ pè yín nìyí. Àlájì ti ta Baby Boy. Ó fọ̀ ọ́, ó fi òróró pa dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tà á. Mo bi í bóyá ó sọ ti éábáàgì fún ẹni tó rà á. Ó ní, "Ìyá Bísí, ṣé wọ́n sọ fún èmi nígbà tí mo rà á?" Ọmọkùnrin kan tó ń fi ṣe kàbù-kàbù láti Ìwó Road lọ sí Òjótá ló rà á, ó ń kó èrò márùn-ún lójoojúmọ́. Túndé ti ń wá nọ́ńbà rẹ̀ kiri, Àlájì ní òun ti pa á rẹ́ lórí fóònù. Aláwọ̀ eérú ni, bọ́ńpà ẹ̀yìn rẹ̀ lápá òsì ti sán, wọ́n kọ "Mo Dúpẹ́" sára gíláàsì ẹ̀yìn pẹ̀lú lẹ́tà funfun. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọkọ̀ ní Ìwó Road, tí ẹ bá rí i, ẹ má jókòó síwájú, kí ẹ sì ní kí awakọ̀ náà wá rí Túndé nílé wa. Ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kó wá.